Ìdajì Bẹ́ǹṣì

Ọkùnrin náà gbé bẹ́ǹṣì lé èjìká, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá bọ̀ bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun, fìlà rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́yìn orí, lẹ́búlẹ́bú pákó sì wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀ tó ti funfun. Ìyá Alágbàfọ̀ kọ́kọ́ rò pé ó ń kiri rẹ̀ ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti fọn fèrè ni màmá náà ti wà lórí ìdúró, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti ń ráhùn, ó sì ti wo gbogbo ohun tí èèyàn lè fi ìdí lé ní pápá náà: òkúta kan, táyà àlòkù kan, àti agolo ọ̀dà tó ti dípẹtà. Kò sí èyí tó yẹ obìnrin tó lọ aṣọ ara rẹ̀ títí ìlà rẹ̀ fi mú bí abẹ kó tó jáde nílé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun," ló wí, "èló lẹ̀ ń ta bẹ́ǹṣì yẹn?"

Ọkùnrin náà sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó wo màmá náà látòkè délẹ̀. "Mi ò tà á o, màmá. Ìdí ara mi ni mo kàn án fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kàn án tán, mo rí i pé ó gùn ju ìdí ẹnì kan lọ. Ẹ jókòó."

Ìyá Alágbàfọ̀ kì í ṣe obìnrin tó ń bá àjèjì jókòó, ṣùgbọ́n orúnkún kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ìtìjú. Ó dúpẹ́, ó jókòó sí etí kan, ọkùnrin náà jókòó sí etí kejì, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ láàárín tó gba ẹni tó sanra dáadáa.

Kó tó dìgbà náà, màmá yìí ò wo bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Aṣọ ló mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ rẹ̀ wà ní igun àdúgbò, ó mọ àbàwọ́n tó máa lọ àti èyí tó máa bá aṣọ dé sàréè. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù wọlé. Bàbá ọmọ náà ti kú. Ìyá rẹ̀, ọmọ bíbí inú màmá náà, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Nọ́ọ̀sì nítorí iṣẹ́ rẹ̀, wà ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú mìíràn, ìgbà tí wọ́n bá fún un láyè nìkan ló ń wálé. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà lọmọ ń gbé. Nítorí pé kì í jókòó jẹun tán kó tó sá jáde ni ìyá àgbà fi sọ ọ́ ní Ẹsẹ̀kògbélé, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí wọ́n fi ń pè é ní kíláàsì lọ.

Nígbà tí wọ́n mú Ẹsẹ̀kògbélé sínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin ilé-ìwé rẹ̀, òun nìkan ni ará ilé rẹ̀ ò wá wò lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbá a. Ọmọ náà ò ráhùn. Ó wọlé, ó bọ́ aṣọ bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó sì sá a sáàárín aṣọ àwọn oníbàárà. Ìyá àgbà rí aṣọ náà lórí okùn. Ọmọ tó ní alágbàfọ̀ nílé tó wá ń fọ aṣọ ara rẹ̀, ohun kan ń dùn ún nínú.

"Láti òní lọ," ni màmá náà wí fún un, "ibi tí bọ́ọ̀lù yẹn bá ń yí sí, ibẹ̀ ni màá wà. Òjò ni o, oòrùn ni o."

Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n padà wá lọ́la, ó forí lé pápá. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Ẹsẹ̀kògbélé nawọ́ sí ibi tó yẹ kó wà. "Ìyá àgbà, ẹ lọ sí tòsí àwọ̀n tó wà lọ́hùn-ún yẹn. Inú ẹ̀ la máa gbá a sí."

Ohun tí ọmọ wí ni ìyá àgbà ṣe. Bọ́ọ̀lù wọ inú àwọ̀n náà lẹ́ẹ̀kan, ó pàtẹ́wọ́. Wọ́n fọn fèrè, àwọn ọmọ lọ mu omi, wọ́n padà sórí pápá, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣàjèjì sí màmá nínú ìyẹn. Nídìí iṣẹ́ tirẹ̀, aṣọ èèyàn kì í di ti ẹlòmíràn nítorí pé onínǹkan lọ mu omi.

Nígbà tó yá, èrò pọ̀ níwájú àwọ̀n yẹn, ẹsẹ̀ ń lura, eruku ń sọ, ni bọ́ọ̀lù bá já wọlé. Ìyá Alágbàfọ̀ fò sókè. "Góòlù! Ọmọ mi! Ọmọ mi ti ṣe é o!" Ọkùnrin tó jókòó sí etí kejì náà ti fò sókè, ó ń ké ọ̀rọ̀ kan náà. Kí wọ́n tó mọ̀, wọ́n ti dì mọ́ra wọn pinpin, wọ́n ń jó yí bẹ́ǹṣì ká bí ọmọdé.

"Ẹ rí ẹsẹ̀ ọmọ yẹn?" ni ọkùnrin náà wí nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀. "Ọmọ ọmọ mi nìyẹn. Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ la máa ń pè é. Ẹni gíga tó wọ aṣọ pupa yẹn."

Ìyá Alágbàfọ̀ jù ú sílẹ̀. "Aṣọ pupa? Aṣọ àwọ̀ ewé ni tèmi wọ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ilé tiyín la sì gbá a sí."

"Irọ́ o! Ọmọ mi ló fẹnu ara ẹ̀ sọ pé inú àwọ̀n yìí làwọn ń gbá a sí."

"Wọ́n ti pààrọ̀ ilé, màmá. Tí wọ́n bá sinmi tán, ẹni tó ń gbá a síbí á máa gbá a sọ́hùn-ún."

"Kí ló dé? Ṣé ilé yẹn jò ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀ tán. Láti àárín pápá, Ẹsẹ̀kògbélé ń wo ìyá àgbà rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ọ̀tá jó tán, ó fi ọwọ́ bojú. Ojú ti màmá náà, ó jókòó, ó ń tún gèlè rẹ̀ tí kò bàjẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún jókòó, kò lọ sí etí bẹ́ǹṣì mọ́.

Pápá kan ṣoṣo ni gbogbo ilé-ìwé agbègbè náà ń lò, bí ẹgbẹ́ kan bá ń kúrò ni òmíràn ń wọlé. Torí náà ni àwọn méjèèjì ṣe ń pàdé. Bí Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ bá ń gbá bọ́ọ̀lù, Ìyá Alágbàfọ̀ á jókòó tì í. Bí Ẹsẹ̀kògbélé bá ń gbá a, ọkùnrin náà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Baba Káfíńtà nítorí iṣẹ́ rẹ̀, á jókòó títí. Ọkùnrin náà mọ bọ́ọ̀lù, ó sì mọ bí a ti ń kọ́ èèyàn. Ọ́fúsáìdì tó ti da orí ọ̀pọ̀ ọkùnrin rú, okùn aṣọ ló fi ṣàlàyé rẹ̀.

"Ẹ rí àwọn tó dúró ṣọ́ ilé yẹn? Ẹ ṣebí okùn tí ẹ sá aṣọ sí ni wọ́n. Ẹni tó bá ti lọ lúgọ sẹ́yìn okùn kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù sí i, olè ni."

Ó yé e kedere. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti kọjá okùn, ohùn Ìyá Alágbàfọ̀ á ti gba pápá kan: "Olè! Olè!" Rẹfirí fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun, èrò ti ń di àpò wọn mú.

Kò pẹ́, Baba Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àkọ́kọ́ dọ̀tí, ó kún fún gúlù àti ọ̀dà. Èkejì sàn díẹ̀. Ẹ̀kẹta ni màmá náà tú wò, tó gbé e sún mọ́ imú, tó yí i sódì.

"Baba Káfíńtà, aṣọ yìí mọ́ ju ọkàn mi lọ. Kí lẹ ní kí n fọ̀ níbẹ̀?"

"Ẹ fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ọṣẹ mi ni mo máa fi ṣòfò?"

"Ẹ má fọ̀ ọ́ nígbà náà. Ẹ gbé e kọ́. Màá padà wá wò ó lọ́la."

"Aṣọ lẹ fẹ́ máa wá wò?"

"Ẹ ò jẹ́ kí n dé ibi tí mo ń lọ," ni ọkùnrin náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n. "Ẹni tó ń fọ aṣọ ni mo wá wò, adúmáadán."

Adúmáadán! Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ibi tí wọ́n sin ọkọ òun sí ni wọ́n sin irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí. Ó yíjú padà, ó ń lọ aṣọ kan tó ti lọ̀ tán. Inú rẹ̀ dùn. Kò sí ìdí tí a ó fi pa á mọ́.

Ibi iṣẹ́ ọkùnrin náà ló ti là á yé e. Màmá wá wo ilẹ̀kùn tó fẹ́ kàn fún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èérún igi bo ilẹ̀ títí dé ọrùn ẹsẹ̀, ayùn wà lára ògiri láti orí èyí tó kéré dé orí èyí tó tóbi. Baba Káfíńtà gbé iṣẹ́ sílẹ̀.

"Ìyàwó mi fi mí sílẹ̀ lọ sọ́run, mo sì dá wà, mo lè dá wà sí i. Mi ò wá ẹni tó máa se oúnjẹ fún mi. Mo mọ̀ ọ́n sè. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Mo fẹ́ fẹ́ yín."

"Ní ọjọ́ orí wa yìí?"

"Ọjọ́ orí wo ni ẹ tún fẹ́ ká dúró dè?"

Ìyá Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín, omi sì dé ojú rẹ̀. "Ẹ fún mi láyè kí n sọ fún ọmọ mi. Èmi kì í fi nǹkan pamọ́ fún un."

Ká ní ó tètè sọ ọ́ ni. Ẹlòmíràn ti sọ ọ́ kó tó sọ ọ́.

Ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ilé-ìwé náà ti ń lọ sópin, ó sì ti hàn pé ilé-ìwé aṣọ àwọ̀ ewé àti ti aṣọ pupa ló máa tún pàdé ní àṣekágbá. Àwọn ọ̀rẹ́ Ẹsẹ̀kògbélé wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá àgbà tìẹ ló ń bá ọ̀tá jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Gbogbo ohun tí kóòṣì ń kọ́ wa, etí bàbá àgbà Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ ló ń lọ." Ọmọ náà gbé ìbínú délé, kò sọ ọ́ fún ìyá àgbà, orí fóònù ló lọ, ó pe ìyá rẹ̀, ó sì rojọ́ ohun tó rí àti ohun tí kò rí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Nọ́ọ̀sì pè. Kò tiẹ̀ béèrè àlàáfíà.

"Màmá, mo gbọ́ pé ẹ ti lọ́kọ."

"Mi ò tíì lọ́kọ. Mo fẹ́ pè ọ́ gan-an ni, kí n—"

"Bàbá mi ńkọ́? Ẹ ti gbàgbé wọn?"

"Kò sí ọjọ́ tí mi ò rántí bàbá ẹ."

"Ọmọ mi ni mo fi sọ́dọ̀ yín, Màmá. Mi ò fi í síbẹ̀ kẹ́ ẹ máa tìtorí ẹ̀ rí ọkùnrin wò káàkiri pápá. Tí wọ́n bá ti gbá àṣekágbá yẹn tán, mo ń bọ̀ wá mú un lọ. Ilé-ìwé tó wà nítòsí mi níbí ò gbà kọ́mọbìnrin gbá bọ́ọ̀lù, ìyẹn náà á sì jẹ́ kó ráyè kàwé. Àfi tẹ́ ẹ bá fi bàbá yẹn sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, kó dúró."

Fóònù ti kú, màmá náà ṣì gbé e mọ́ etí. Nínú yàrá kejì, Ẹsẹ̀kògbélé ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohùn Nọ́ọ̀sì kì í ṣe ohùn tí ògiri ń dá dúró. Ọmọ náà ò rò pé ọ̀rọ̀ òun lè padà wá bá ẹsẹ̀ òun.

Ìyá Alágbàfọ̀ ò sunkún. Ó wọ bàtà, ó lọ síbi iṣẹ́ Baba Káfíńtà, ó sì sọ ọ́ lórí ìdúró, torí pé bó bá jókòó, kò ní lè sọ ọ́.

"Tí mo bá fẹ́ yín, ọmọ yẹn ò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Mo sì ti ṣèlérí fún un."

Ọkùnrin náà ń fá pákó lọ. Ó fá a títí ó fi fẹ́lẹ́ ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Ẹ sọ ọ̀kan fún mi. Ṣé ẹ̀yin ni ẹ ò fẹ́ mi, àbí àwọn ni ò fẹ́ kẹ́ ẹ fẹ́ mi?"

"Mo fẹ́ yín," ni màmá náà wí. "Mo fẹ́ yín débi pé ó ń yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì."

"Ó ti yé mi. Mi ò ní bá yín jà." Ó gbé ojú sókè. "Mi ò sì ní lọ síbì kankan."

Nígbà tí Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mìíràn, orí rẹ̀ ló fi ru ohun tó mú wá. Ìdajì bẹ́ǹṣì ni. Baba Káfíńtà ti fi ayùn gé bẹ́ǹṣì náà ní àárín géérégé, ó ti kan ẹsẹ̀ tuntun mọ́ ibi tó gé, ìdajì náà sì dá dúró láìyẹ̀. Ihò méjì tó mọ́ tónítóní wà níbi tó ti gé e.

Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Bàbá àgbà ní kẹ́ ẹ máa fi jókòó lápá tiyín. Wọ́n ní orúnkún yín ò gbọdọ̀ jìyà nítorí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní abo lẹ gbà yẹn, akọ tó máa wọ inú ihò méjèèjì wà lára ìdajì tó wà lọ́dọ̀ àwọn. Àwọn ò ní fi ẹnu béèrè mọ́. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá múra tán, kẹ́ ẹ gbé tiyín wá."

Ìyá Alágbàfọ̀ fi ìka kan ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀kògbélé ló sin Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ dé ojú títì. Ọ̀tá ni wọ́n lórí pápá, ṣùgbọ́n ojú títì kì í ṣe pápá.

"Ṣé inú bí wọn nígbà tí wọ́n ń gé e?" ni Ẹsẹ̀kògbélé béèrè.

"Rárá. Wọ́n kọ́kọ́ jókòó lé e títí oúnjẹ wọn fi tutù. Ìgbà tí wọ́n dìde ni wọ́n tó mú ayùn."

Ẹsẹ̀kògbélé padà sílé, ó dúró ti ìyá àgbà tó ń fọ aṣọ bọ́ọ̀lù rẹ̀ nínú ọpọ́n. "Ìyá àgbà, èmi ni mo lọ sọ fún màmá mi. Ẹ ò sì sọ àṣírí wa kankan fún wọn. Mo mọ̀."

"Èmi náà mọ̀ pé ìwọ ni."

"Ẹ ò bínú?"

"Mo bínú. Inú ń bí mi báyìí tí mo ń fọ̀ ọ́ yìí." Ó fún aṣọ náà, ó gbọ̀n ọ́n pàá. "Ṣùgbọ́n aṣọ ò mọ̀dí ìbínú. Ó gbọ́dọ̀ mọ́ kó tó dọjọ́ àṣekágbá. Lọ sá a."

Ọjọ́ àṣekágbá dé, pápá kún. Ìyá Alágbàfọ̀ gbé ìdajì bẹ́ǹṣì rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn aláṣọ àwọ̀ ewé. Ní òdìkejì pápá, láàárín àwọn aláṣọ pupa, Baba Káfíńtà jókòó sórí ìdajì tirẹ̀. Ó ṣí fìlà fún un láti ọ̀nà jíjìn, ó dé e padà, kò sì wo ibẹ̀ mọ́, torí pé ọkùnrin tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ ni.

Eré ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Nọ́ọ̀sì dé, tòun ti báàgì ńlá tó fẹ́ fi kó ẹrù ọmọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le. Màmá sún fún un. Ìyá àti ọmọ fún ara wọn mọ́ orí ìdajì bẹ́ǹṣì.

"Èwo ni tiwọn?" ni Nọ́ọ̀sì béèrè nígbà tó yá.

"Àwọ̀n ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni wọ́n ń gbá a sí."

Kò tíì pẹ́ tó béèrè ni Ẹsẹ̀kògbélé já gbà láàárín ẹni méjì, ó fi ẹsẹ̀ òsì ta bọ́ọ̀lù náà, ó wọlé sí ọwọ́ ọ̀tún. Nọ́ọ̀sì ò mọ̀ pé òun ti dìde. Kò rí ọmọ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, tí ọmọ náà na apá méjèèjì tó ń sáré bí ẹni tí gbogbo ayé jẹ́ tirẹ̀. Ó jókòó padà jẹ́ẹ́, ó sì ti báàgì ńlá yẹn sẹ́yìn ẹsẹ̀.

Fèrè ìsinmi dún, ilé ìwòsàn pè é lórí fóònù, ó lọ dáhùn. Nígbà tó padà dé, eré ti tún bẹ̀rẹ̀. Ó gbájú mọ́ àwọ̀n ọwọ́ ọ̀tún, ó di ẹ̀ṣẹ́, ó ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù sì wọlé sí ọwọ́ ọ̀tún.

"Góòlù!" Nọ́ọ̀sì fò, ó gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra, ó ń mì ín jìgìjìgì. "Màmá, góòlù! Ọmọ mi! Ọmọ mi o!"

Gbogbo àwọn aláṣọ àwọ̀ ewé dákẹ́, wọ́n ń wò ó. Lórí pápá, Ẹsẹ̀kògbélé ń wo ìyá rẹ̀ tòun ti ẹnu yíyà. Ìyá Alágbàfọ̀ gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe, ó rẹ́rìn-ín débi tó fi di ìhà mú.

"Wọ́n ti pààrọ̀ ilé, ọmọ mi. Àwọn aláṣọ pupa ló gbá a wọlé."

"Pààrọ̀ ilé? Kí ló dé tí wọ́n fi pààrọ̀ ilé?"

"Ohun témi náà béèrè nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wá, bí mo ṣe fò nìyẹn, tí mo di ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́ra. Baba Káfíńtà ni. Ọmọ ọmọ tiẹ̀ ló gbá a."

Nọ́ọ̀sì jókòó. "Ẹ dì mọ́ wọn ni?"

"Pinpin ni."

Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Màmá, mo rò pé ẹ jókòó ẹ wá bàbá mìíràn fi dípò bàbá mi ni."

"Ta ló lè dípò bàbá ẹ? Orúnkún ló ń dùn mí, ẹnì kan sì ní kí n jókòó. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan ihò méjì tó wà lára igi, ó béèrè ohun tí wọ́n wà fún, ìyá rẹ̀ sì sọ ọ́ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Nọ́ọ̀sì wo òdìkejì pápá, níbi tí bàbá arúgbó kan jókòó lórí ìdajì bẹ́ǹṣì, tí àyè ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èrò pọ̀ níbẹ̀, àwọn kan wà lórí ìdúró, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé nǹkan síbi àyè náà.

Ó kù díẹ̀ kí eré parí ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù láti kọ́nà. Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ fi gíga rẹ̀ ga ju gbogbo wọn lọ, ó fi orí kàn án, ó wọlé. Fèrè dún. Pupa ló gba ife ẹ̀yẹ.

Ẹsẹ̀kògbélé dùbúlẹ̀ sórí koríko, ó sunkún. Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ ló fà á dìde. Ó rìn wá bá ìyá àti ìyá àgbà rẹ̀, eruku àti omijé ti papọ̀ lójú rẹ̀. Ìyá àgbà ṣí apá, ṣùgbọ́n ọmọ náà ò wọ inú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ìdajì bẹ́ǹṣì náà mú.

"Ìyá àgbà, ẹ di ọ̀hún mú ká gbé e."

"Ká gbé e lọ sí ibo?"

"Mo ti pàdánù ife ẹ̀yẹ lónìí. Mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ pàdánù tiyín. Èmi ni mo gé bẹ́ǹṣì yìí, Ìyá àgbà, Bàbá àgbà kàn di ayùn mú ni." Ó wo ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Mo parọ́ mọ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú mi lọ, ẹ mú mi lọ, màá fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé e débẹ̀."

Nọ́ọ̀sì fi etí ìró rẹ̀ nu ojú ọmọ náà. "Ṣé wàá gba ife yẹn lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Màá gbà á."

"A jẹ́ pé ibí ni wàá wà. Ẹ gbé e ká lọ. Èmi á gbé báàgì."

Wọ́n gba àárín pápá kọjá, ìyá àgbà níwájú, ọmọ ọmọ lẹ́yìn, ìdajì bẹ́ǹṣì láàárín wọn. Orúnkún màmá náà ń ké, kò dá a lóhùn. Àwọn aláṣọ pupa tó ń jó dáwọ́ ijó dúró, wọ́n la ọ̀nà fún wọn. Baba Káfíńtà ti dìde. Ó ṣí fìlà, ó gbé e mọ́ àyà, kò sì sọ ohunkóhun, torí ó ti ṣèlérí pé òun ò ní fi ẹnu béèrè mọ́.

Ìyá Alágbàfọ̀ gbé ìdajì tirẹ̀ ti ìdajì tọkùnrin náà. Ó tì í. Akọ wọ inú abo, ó dún kó, ó sì dúró gbọn-in. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà. "Ẹ kú ìdúró, sà. Ẹ má bínú pé ó pẹ́."

"Kò pẹ́, ọmọ mi," ni Baba Káfíńtà wí. "Gúlù tó bá máa mú, wọ́n máa ń jẹ́ kó gbẹ ni."

Màmá náà jókòó. Ó fọwọ́ gbá àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Olówó orí mi, ẹ jókòó. Orúnkún tiyín náà kì í ṣe irin."

Ọkùnrin náà jókòó tì í, kò sì sí àyè tó gba ẹnikẹ́ni láàárín wọn. Ẹsẹ̀kògbélé àti Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ jókòó sórí koríko níwájú wọn.

"Lọ́dún tó ń bọ̀," ni Ẹsẹ̀kògbélé wí, "tí a bá tún bá wọn pàdé, apá ibo lẹ máa jókòó sí?"

Ìyá Alágbàfọ̀ rò ó wò. "Ẹ̀yìn àwọ̀n tí ìwọ ń gbá a sí."

"Tí a bá wá pààrọ̀ ilé ńkọ́?"

Àwọn àgbà méjèèjì wo ara wọn.

"A jọ máa gbé bẹ́ǹṣì ni," ni ọkùnrin náà wí.